Àwọn Òmùgọ̀ Òdìkejì Omi

Ìlú tí kò ní ìlú mìíràn tí ó fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Ní ibi púpọ̀, ìlú ńlá a máa ní ìletò kan ní ẹ̀yìn odò, tàbí ní erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ń dé, tí àwọn ará ìlú náà ti fi ẹnu kò lé lórí pé òmùgọ̀ pọ́ńbélé ni gbogbo àwọn tí ń gbé ibẹ̀, àti baálẹ̀ wọn, àti ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti dé ìletò náà rí, wọn yóò ní rárá, kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Síbẹ̀, wọ́n lè jókòó láti ìrọ̀lẹ́ di òru kí wọ́n máa ròyìn ìwà àwọn ará ibẹ̀ fún yín. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá ní eré lásán ni yóò rí ẹlẹ́rìí púpọ̀. Èmi pàápàá kì í sá fún ẹ̀rín, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé oníwàásù ni mo fẹ́ dà.

N ó mú àpẹẹrẹ mi àkọ́kọ́ láti òkèèrè, kí ẹnikẹ́ni má baà fura pé ìlú òun ni mo ń bá wí. Ní orílẹ̀-èdè Denmark, bí ènìyàn bá dúró ní etí omi ìlú Aarhus, yóò rí àwọn òkè kéékèèké ilẹ̀ Mols ní òdìkejì. Mols kì í ṣe erékùṣù ní ti gidi: omi yí i ká ní ìhà púpọ̀, ilẹ̀ sì so ó mọ́ ìyókù orílẹ̀-èdè náà láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn ará Aarhus, erékùṣù ni. Àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọn kò sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọn kò sún mọ́ ilé ìtẹ̀wé. Ní ọdún 1771 ni wọ́n tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí ó kó àpárá nípa wọn jọ. Àwọn ọmọ Denmark ṣì ń pa ìtàn wọ̀nyí títí di òní.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti ẹyẹ. Ẹyẹ ńlá kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bí àkọ̀, ń rìn káàkiri nínú oko ọkà wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé yóò tẹ ọkà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí darandaran lọ lé e. Bí ó ti fẹ́ wọ oko ni wọ́n ṣàkíyèsí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ó fẹ̀ bí àtẹ, wọ́n sì ní èyí tí yóò tẹ̀ pa yóò ju ti ẹyẹ lọ. Wọ́n gbìmọ̀, wọ́n gbìmọ̀. Níkẹyìn wọ́n yọ ilẹ̀kùn ọgbà, wọ́n gbé darandaran lé e lórí, ọkùnrin mẹ́jọ sì gbé e ká inú oko, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ọkà.

Wọ́n tún ní nígbà tí ogun ń bọ̀, àwọn ará Mols gbé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sínú òkun kí ọ̀tá má baà kó o. Ẹnìkan wá béèrè bí wọn yóò ti ṣe rí i tí ogun bá lọ. Ọlọ́gbọ́n àárín wọn ní ìyẹn kò le. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ní ibi gan-an tí agogo ti bọ́ sómi. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n dájọ́ ikú fún ẹja gígùn kan tí ó rí bí ejò, nítorí pé ó jẹ ẹja inú adágún wọn tán. Wọ́n lọ rì í sínú òkun kí omi lè pa á. Bí ẹja ti ń lọ́ra, tí ó ń nà, ni wọ́n ń wí fún ara wọn pé, ‘Ẹ wo bí ó ti ń jẹ̀rora!’ Ìtàn kan sì wà nípa àwọn tí wọ́n ka ara wọn, tí iye wọn dín ẹnìkan, tí wọ́n bú sẹ́kún pé omi ti gbé ọ̀kan lọ, nítorí pé ẹni tí ń kà kò rántí ka ara rẹ̀.

Mo fẹ́ kí á padà sí àmì ara ọkọ̀ yẹn díẹ̀. Ní ilẹ̀ China, ìwé kan wà tí ń jẹ́ Lüshi Chunqiu, tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 239 ṣáájú ìbí Jésù. Nínú rẹ̀, ọkùnrin ará Chu kan jẹ́ kí idà rẹ̀ bọ́ sódò, ó gé àmì sí ara ọkọ̀, ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ni ó tó bẹ́ sómi lábẹ́ àmì náà láti wá idà. Ó tó ẹgbàá ọdún lẹ́yìn èyí kí a tó tẹ ìwé àwọn ará Mols. Nítorí náà, ìtàn wọ̀nyí kò kọ́ wa ní ohunkóhun nípa Mols. Ẹ̀wù ni wọ́n, tí ń wá ọrùn tí wọn yóò bọ̀ ọ́ sí.

Ọrùn ta ni wọ́n sì máa ń bọ̀ ọ́ sí? Ní China àtijọ́ yẹn kan náà, àwọn ará Song ni àpárá máa ń bá jù. Ará Song ni àgbẹ̀ tí ó ń fa èhù irúgbìn rẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè tètè dàgbà. Ará Song ni ẹni tí ó fi oko sílẹ̀, tí ó ń ṣọ́ kùkùté igi nítorí pé ehoro kan ti fi orí sọ ọ́ kú rí. Ta wá ni àwọn ará Song? Ìran àwọn ọba Shang ni ó ń jọba níbẹ̀, àwọn tí ìran Zhou ti ṣẹ́gun, tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó pàdánù ìtẹ́ ni ó di aláìgbọ́n. Ní ti àwọn Gíríìkì, Abdera ni wọ́n ń pè ní ìlú òmùgọ̀; ìwé àpárá wọn tí ń jẹ́ Philogelos kún fún un. Abdera yìí kan náà ni ó bí Democritus, ẹni tí ó kọ́ni pé àwọn èérún tí a kò lè pín mọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà fi jẹ́. Ó tún bí Protagoras. Kí ìlú ó bí ọmọ tí ó gbọ́n kò tó láti gbà á lẹ́nu ẹlẹ́fẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹni tí a ń pè ní òmùgọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìletò Gotham wà ní ẹ̀bá Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n kọ́ ọgbà yí ẹyẹ kan ká kí ó má baà fò lọ, wọ́n sì ní àwọn náà ri ẹja gígùn bí ejò sómi. Ṣùgbọ́n ìtàn fi kún un pé Ọba John ni ó fẹ́ gba ìletò náà kọjá, àwọn ènìyàn sì gbà pé ọ̀nà tí ọba bá tọ̀ yóò di ọ̀nà ìjọba, ilẹ̀ wọn yóò sì ti ọwọ́ wọn bọ́. Wọ́n ṣe bí wèrè lójú àwọn ìránṣẹ́ ọba, ọba sì gba ibòmíràn. (Ní ọdún 1807, Washington Irving ọmọ Amẹ́ríkà fi orúkọ Gotham pe New York láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọdé tí ń wo Batman lóde òní kò mọ̀ pé ìlú àwọn òmùgọ̀ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá.)

Èyí mú mi rántí Ganvié, tí kò jìnnà sí wa, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin. Orí òpó nínú omi ni ilé wọn wà; ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí ọjà, ọjà pàápàá sì wà nínú ọkọ̀. Ó rọrùn fún ará ilẹ̀ gbígbẹ láti béèrè irú orí tí ó ń bẹ lọ́rùn ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, tí ó lọ kọ́lé sójú omi. Ohun tí ìtàn wọn sọ ni pé wọ́n ń sá fún àwọn jagunjagun Dahomey tí ń kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gbà wọ́n láyè láti jà lójú omi. Ibi tí a ti ń wò wọ́n bí ẹni tí kò gbọ́n ni wọ́n gbà là.

Àwa Yorùbá náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ní ará Ìbàdàn kò lè pe ‘ṣ’. A ní kò sí ohun tí Ìjẹ̀bú kò lè ṣe nítorí owó. A pe oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló, nítorí pé òṣó ni yóò ló ní ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí tí yóò fi gba owó rẹ̀. N kò rí láburú kankan nínú èyí. Ìjẹ̀ṣà ti sọ Òṣómàáló di orúkọ iyì, Ìbàdàn sì ní ẹnu tí yóò fi dá ti gbogbo wa padà, pàápàá ní ọjọ́ Òkèbàdàn, nígbà tí a fún èébú láyè, tí olówó àti tálákà jọ ń gbà á. Irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà àbọ̀. Kódà ní Denmark, àpárá padà wá bá ará Aarhus nílé: àwọn ará ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí dá a nípa wọn, ó sì di pé ará Aarhus ni òmùgọ̀. Mo gbà pé ìdáríjì Mols wà nínú ìyẹn. Ẹni tí ń ka òmùgọ̀ ni kì í rántí ka ara rẹ̀. Ó dára kí ẹlòmíràn bá a kà á.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ẹ̀fẹ̀ tí kò ní ọ̀nà àbọ̀. Mo ti wà ní òde ìnáwó ní Èkó tí aláwàdà kan yí ohùn padà, tí ó ń sọ Yorùbá bí Ẹ̀gùn apẹja, tí gbogbo àgọ́ sì pa ẹ̀rín. Kò sí Ẹ̀gùn kankan níbẹ̀ tí yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ó sọ bí àwa ti máa ń rí lójú tirẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 títí di oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Otodo Gbame, ìletò apẹja Ẹ̀gùn kan ní etí ọ̀sà ní Lẹ́kí, kúrò lórí ilẹ̀ wọn; iná jó ilé, ẹ̀rọ wó ilé, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ilé-ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ pé kí á má fọwọ́ kàn wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dá a pé lílé tí a lé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. N kò sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni ó wó ilé wọn. Àwọn tí ó rán ẹ̀rọ ni wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n mo rántí bí ìròyìn náà ti kọjá lẹ́nu wa ní ọjọ́ kan tàbí méjì péré, mo sì bi ara mi pé, ká ní Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ṣé bí a ó ti dákẹ́ nìyẹn? Ẹni tí a ti mọ ohùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀rín tipẹ́, tí ó bá ké, ó máa ń pẹ́ kí etí tó gbọ́ ọ bí igbe.

Mo bi baba apẹja kan léèrè nígbà kan, létí omi, bóyá àwọn náà ní àpárá nípa àwa ará ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní rárá o, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni ó fi wí i. Nígbà tí ó rí i pé mo dúró, ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kó yanrìn dí ọ̀sà láti fi kọ́ ilé ńláńlá. Ó ní, ‘Ẹ lé omi kúrò nílé rẹ̀, ẹ kọ́lé yín síbẹ̀. Tí òjò bá dé, ẹ̀yin kan náà ni ẹ ó máa béèrè pé, kí ni omi ń wá nínú pálọ̀ àwọn?’

Mo rẹ́rìn-ín gidi. Ó dúró títí mo fi rín in tán, kò bá mi rín in, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀.