Ṣé Ká Mọ̀ọ́mọ̀ Jẹ́ Kọ́mọdé Pa Wá Láyò?

Kéréètì ẹyin la fi ṣe ọpọ́n náà. Iná ò sí, òjò ń rọ̀, fóònù mi ti kú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 8, sì ń béèrè ṣáá pé kí la máa ṣe. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé ìlà méjì olójú mẹ́fà-mẹ́fà lára kéréètì náà, a ka ẹ̀wà 48, a fi 4 sójú kọ̀ọ̀kan. Ayò délé nìyẹn.

Mo pa á lẹ́ẹ̀mejì láìlàágùn. Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà kẹta, mo rí i kedere pé tí mo bá ta ojú kan báyìí, ọmọ tó gbẹ̀yìn á bọ́ sílé ẹ̀ tí ẹ̀wà méjì wà, á di mẹ́ta, màá sì jẹ ẹ́. Mi ò ta á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ta ibòmíì. Nígbà tó yá, ó pa mí, inú mi sì dùn bíi pé mo ṣoore. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ rí mẹ́ta yẹn, ẹ kàn fi sílẹ̀ ni." Ó da ẹ̀wà pọ̀, ó lóun ò ta mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. (Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o.) Mi ò kúkú fẹnu purọ́. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó ti ọpọ́n ti sọ, láìlanu, pé bóun ṣe mọ̀ ọ́n ta lòun ń ta. Ẹ lè ní ìwúrí lọmọ nílò, òótọ́ sì ni, torí ọmọ tí wọ́n ń pa lójoojúmọ́ lè kórìíra ayò. Ṣùgbọ́n ṣé ìwúrí ni mo fún un? Nǹkan ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Látọjọ́ yẹn, tó bá pa mí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ló pa mí?

Ayò fúnra ẹ̀ láàánú. Tílé ẹnìkejì bá gbẹ, tí kò rí nǹkan kan ta mọ́, o gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó bá ṣeé ṣe. O ò lè mọ̀ọ́mọ̀ febi pa á. Ẹ wò ó dáadáa: òfin yẹn ò ní kó o jẹ́ kó borí, ó ní kó rí nǹkan ta ni. Gbangba ló sì wà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ lèrò mi yí sí. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó lè dá ọwọ́ ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, kí n má dá tèmi padà rárá. Ó ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Mo gbà. (Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 3 ni, mi ò ní da ara mi láàmú tó báyìí, ẹ̀wà tó máa kì bọmú ló yẹ kí n máa ṣọ́.)

Kò tíì pa mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní 22, mo ní 26. Ó ka tèmi lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo ti yọ́ díẹ̀ kún tiẹ̀.