Àgbà Tí Ó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nídìí àwo ọbẹ̀ ni a ti máa ń pa òwe yìí. Ǹjẹ́ ó kan ohun tí ó wà nínú omi, tí ẹnikẹ́ni kò sìn?

Ọ̀sà Galveston kò jìnnà sí wa ní Houston níbí. Níbẹ̀ ni ọ́ísítà, ẹran omi tí ó ń gbé láàárín ìkarahun méjì, ti ń ṣù jọ bí òkìtì. Ẹyọ kan tí ó ti dàgbà lè sẹ́ omi tó 50 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Orí ìkarahun àwọn tí ó ti kú ni àwọn ọmọ wọn máa ń dì mọ́ kí wọ́n tó lè dàgbà. Bí a bá kó ìkarahun lọ, ilé ọmọ ni a kó lọ. Nígbà tí ìjì Ike jà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ẹrẹ̀ bo ohun tí ó ju ìdajì òkìtì wọ̀nyí lọ.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Texas A&M tí ó wà ní Corpus Christi bẹ̀rẹ̀ sí gba ìkarahun lọ́wọ́ àwọn ilé oúnjẹ, wọ́n ń dá a padà sínú omi. Ẹgbẹ́ Galveston Bay Foundation bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2011. Ní Ọsirélíà, láàárín ọdún 1980 sí 1989, yunifásítì James Cook ṣe ìwádìí bí a ti lè sin ìbátan ọ́ísítà kan tí ó lè wọ̀n ju 200 kílò lọ, nítorí pé àjẹjù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run ní ọ̀pọ̀ erékùṣù.

Nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tí a ń ṣe, a kì í ka ojú owó mọ́ èrè. Ẹran inú ọ́ísítà ni èrè. Ìkarahun ni ojú owó.

Ṣùgbọ́n apẹja yóò bi wá pé, bí ìjọba Texas bá ti apá kan omi kí ọ́ísítà lè gbèrú, kí ni àwọn ọmọ òun yóò jẹ? Òótọ́ ni, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kò tọ́ kí òun nìkan ru ẹrù yìí. Àwa tí a ń jẹ méjìlá méjìlá ní Kemah lọ́jọ́ Sátidé, tí a sì ń da ìkarahun sínú garawa ìdọ̀tí, àwa gan-an ni onígbèsè. Bí ọjà bá gbówó lórí, ẹ jẹ́ kí á san án. Kí á tó jókòó, ẹ jẹ́ kí á bi onílé oúnjẹ pé níbo ni ìkarahun ń lọ.

Àwa náà kò ṣàdédé dé ìlú yìí. Àwọn òbí tí wọ́n ta ilẹ̀, tí wọ́n ta aṣọ, tí wọ́n fi san owó ilé ìwé wa, ni ìkarahun tí a dì mọ́. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Gbèsè ni a ń san.