Ojú Àpá Kò Lè Jọ Ojú Ara: Ọ̀rọ̀ lórí Ọgbẹ́, Orí àti Ilé Ìwòsàn

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ògún Onírè tó ni irin. Mo júbà Ọ̀sanyìn tó ni ewé. Mo júbà Ọbàtálá tó mọ ara tí irin ń gé. Ìbà á ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ọgbẹ́ ọkàn o. Ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ni mo ń wí: kí ọ̀bẹ gé ènìyàn, kí ìbọn bá a, kí mọ́tò gbá a. Ní Flossmoor níbí, ní gúúsù Chicago tí mo ń gbé, àwọn ọmọ ilé òrìṣà wa máa ń bi mí ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́ ni pé: "Ìyá, bí ọgbẹ́ ńlá bá ṣe olórìṣà, ṣé ojúbọ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ ni, àbí ilé ìwòsàn?" Èkejì ni pé: "Bí ẹni náà bá kú, ṣé bí orí rẹ̀ ṣe yàn án nìyẹn?"

Mi ò ní fi ìdáhùn àkọ́kọ́ pamọ́ dé ìparí. Ilé ìwòsàn ni. Ẹ sáré lọ. Ojúbọ kò ní ṣí kúrò níbi tó wà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí kì í ṣe pé mo fi òrìṣà sẹ́yìn kí n tó sọ ọ́.

Irin kan náà ni

Ògún ló ni irin. Ẹni tó wọ ẹ̀sìn yìí lánàá mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa máa ń pín irin sí méjì: irin tó ṣe ènìyàn léṣe, wọ́n á ní ti Ògún ni, irin tí dókítà fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ti òyìnbó ni. Níbo la ti kọ́ ìyẹn? Olóòlà tó ń kọlà fún ọmọ, abẹ Ògún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ tí dókítà oníṣẹ́ abẹ mú dání ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tó fi rán ojú ọgbẹ́ ńkọ́? Áńbúláǹsì tó gbé aláìsàn wá, àti ojú títì tó gbà kọjá, ta ló ni wọ́n? Irin tó la ara náà ló ń rán ara. Bí a bá ń bẹ Ògún pé kó gbà wá, tí ó wá rán irin ìgbàlà sí wa, tí a kọ̀ ọ́, àwa la kọ iṣẹ́ tí Ògún rán.

Ọ̀sanyìn náà mọ àsìkò tirẹ̀. Ewé tó ń mú ojú ọgbẹ́ jiná wà, mo mọ̀ wọ́n, mo sì ń lò wọ́n. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, àsìkò ewé kọ́ nìyẹn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Ọmọ tó ṣubú nítòsí ilé ìwòsàn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Damian Turner, ọmọ ọdún 18, wà nítòsí oríta 61st àti Cottage Grove ní gúúsù Chicago. Àwọn kan yìnbọn láti inú mọ́tò. Òun kọ́ ni wọ́n ń wá, àmọ́ òun ni ọta bá. Ibi tó ṣubú sí, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Chicago. Áńbúláǹsì kò gbé e lọ síbẹ̀. Ó gbé e lọ sí Northwestern Memorial ní àárín ìlú, bíi máìlì mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá sí ibi tó ti gbọgbẹ́. Ó kú síbẹ̀.

Kí ló dé? Ọgbẹ́ irú èyí kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn lè tọ́jú. Ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní trauma center: dókítà oníṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, yàrá iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Yunifásítì náà ti ní èyí tó wà fún àgbàlagbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tì í pa ní 1988, wọ́n ní owó tó ń bá a lọ ti pọ̀ jù. Michael Reese, ilé ìwòsàn mìíràn ní agbègbè náà, ti tirẹ̀ ní 1991. Ti ọmọdé ṣì wà ní Yunifásítì, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 18 kì í ṣe ọmọdé lójú ìwé wọn. Bí àgbàlagbà bá gbọgbẹ́ ní gúúsù ìlú, àfi kí wọ́n gbé e gba ọ̀nà jíjìn lọ sí Northwestern, sí Cook County, sí Mount Sinai, tàbí sí Christ ní Oak Lawn. Ó lé ní ogún ọdún tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀.

Àyànmọ́ àti àfọwọ́fà

Ìbéèrè kejì wá dé nísinsìnyí. Ṣé orí Damian ló yan ikú yẹn?

Ẹ rọra o. Àkúnlẹ̀yàn wà, àkúnlẹ̀gbà wà, àyànmọ́ wà. Mi ò já ọ̀kankan níyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ya àfọwọ́fà sọ́tọ̀. Àfọwọ́fà ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn fà wá. Orí ọmọ náà kọ́ ló ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ní 1988, ọmọ náà kò tíì dáyé nígbà yẹn. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n ṣírò owó, wọ́n tì í. Ẹni tó bá pe àfọwọ́fà ní àyànmọ́, irọ́ ló ń pa mọ́ Olódùmarè.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ anthropology, a ka ìwé tí E. E. Evans-Pritchard gbé jáde ní 1937 nípa àwọn Azande. Ó sọ̀rọ̀ nípa abà oúnjẹ tó máa ń wó lu àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àwọn Azande mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí àwọn wọ̀nyẹn jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an ló wó. Ìbéèrè méjèèjì dára. Àwa náà ń bi Ifá bẹ́ẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, kí sì ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ṣùgbọ́n ikú Damian kọ́ mi pé ìbéèrè kẹta wà: ta ló rí ikán lára òpó, tó ní òun kò ní ná owó sí àtúnṣe? Babaláwo tàbí ìyálórìṣà tí kò bá béèrè èyí, ó máa di ẹrù tí kì í ṣe ti òkú lé òkú lórí.

Damian fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan sílẹ̀, Fearless Leading by the Youth. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ kò jókòó sílé sunkún nìkan. Wọ́n wọ́de, wọ́n dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá mú lára wọn, wọ́n tún padà wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, Yunifásítì kéde pé àwọn máa kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018, trauma center àgbàlagbà ṣí ní Hyde Park. Ó lé ní ọdún méje tí ọmọ náà ti kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹbọ nìyẹn. Ẹbọ kì í ṣe ẹran àti epo nìkan. Àsìkò tí wọ́n fi sílẹ̀, ara tí wọ́n fi lélẹ̀, ìtìjú tí wọ́n gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Èṣù gbé e dé ibi tó yẹ kó dé. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní gúúsù lónìí ni wọ́n ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ má pe 911

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò kan nínú ilé òrìṣà wa ń fi àdá gé ẹ̀ka igi lẹ́yìnkùlé. Àdá yọ̀, ó wọ ojúgun rẹ̀. Ẹnì kan ní ká lọ já ewé. Ẹnì kan ní ká gbé e sínú mọ́tò tiwa. Ẹni tó gbọgbẹ́ alára ló ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe 911, mi ò ní ìnṣọ́ránsì." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bíìlì ló ń bà á lẹ́rù.

Mo ní kí wọ́n pe 911. Mo fi táwẹ́lì mímọ́ lé ojú ọgbẹ́, mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, mi ò gbé ọwọ́ kúrò títí áńbúláǹsì fi dé. Ní ilé ìwòsàn, bí akọ̀wé ṣe béèrè ìnṣọ́ránsì báyìí, àbúrò wa fẹ́ dìde kó máa lọ. Mo ní, jókòó. Òfin kan wà tó ń jẹ́ EMTALA. Láti ọdún 1986 ló ti wà: ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó Medicare, tó sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, gbọ́dọ̀ yẹ ọ́ wò, kó sì mú ara rẹ dúró, bóyá o ní owó o, bóyá o kò ní. Ìlú wa yìí náà wà nínú ìtàn òfin yẹn. Nígbà náà, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni máa ń kó tálákà ránṣẹ́ sí Cook County Hospital, pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Àwọn dókítà Cook County tọ ipasẹ̀ 467 irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé ìwádìí náà jáde ní 1986. Ọdún yẹn kan náà ni òfin jáde.

Wọ́n rán ojúgun àbúrò wa, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú àgbọ̀n le. Lẹ́yìn náà bíìlì dé: ti ilé ìwòsàn lọ́tọ̀, ti dókítà lọ́tọ̀, ti áńbúláǹsì lọ́tọ̀. Òfin ní kí wọ́n tọ́jú rẹ. Kò ní kí wọ́n má béèrè owó. A gba fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó, a kọ ọ́, ilé ìwòsàn pa ti wọn rẹ́. Dókítà dín tirẹ̀ kù. Ti áńbúláǹsì, gbogbo ilé la dá owó jọ san án. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú

Èkíní, ẹ tẹ ojú ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le. Ẹ má da epo, ewé tàbí àgúnmu sí i. Bí nǹkan bá gún wọlé tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fà á yọ.

Èkejì, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún nọ́ọ̀sì, àgbo pẹ̀lú. Àwọn oògùn àti egbòogi kan máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣòro dá dúró. Ẹni à ń tọ́jú kì í fi àrùn pamọ́.

Ẹ̀kẹta, ti ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdè. Nígbà tí ọgbẹ́ bá burú, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ, wọ́n lè gé ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàwó òrìṣà tó ṣì wà nínú funfun lè máa rò pé ẹni tí kò mọ awo kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí òun. Ẹ gbọ́ mi: ẹ̀mí ló ṣáájú. Ìlẹ̀kẹ̀ tó já, a óò tún un sín. Èèwọ̀ tó bàjẹ́, a mọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Òkú la ò mọ bí a ṣe ń tún ṣe. Bí àyè bá wà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ ọ dípò kí wọ́n gé e, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì gbà á.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ìwé ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún yín bí ẹnu yín kò bá lè sọ̀rọ̀. Illinois ní fọ́ọ̀mù rẹ̀, Power of Attorney for Health Care. Lójú òfin, ìyálórìṣà yín kì í ṣe ìyá yín. Bí kò bá sí ìwé, ọkọ tàbí aya, ọmọ, òbí àti ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ wà lẹ́yìn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fi bíìlì sábẹ́ ibùsùn. Ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ owó, ẹ sì ní ọjọ́ 240 láti ọjọ́ bíìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú láti béèrè rẹ̀. Ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì, òfin No Surprises Act ti ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ bíìlì òjijì ní pàjáwìrì láti ọdún 2022, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn yọ áńbúláǹsì orí ilẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní àpò kékeré kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A ń dá owó fún ọdún òrìṣà. Ẹ jẹ́ ká dá owó fún ara tí ń jó níbi ọdún.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán ọgbẹ́ tán, ẹ wá. Ìgbà yẹn la óò bọ orí, ìgbà yẹn la óò dá obì, tí a óò bi Ògún léèrè ohun tó fẹ́ ká gbọ́. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àpá lè wá síbi ọdún.

Kí Ògún má fi wá ṣe ẹran ìrúbọ rẹ̀. Kí ọ̀nà tó là má di mọ́ wa. Kí irin tó wà lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú máa mọ ojú ọgbẹ́ wa, kí ilẹ̀kùn tí ènìyàn tì máa ṣí. Kí orí wa má gbé wa dé ibi tí olùrànlọ́wọ́ ti jìnnà.

Àṣẹ.