Oore Tí A Fi Ìkùnsínú Ṣe

Ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí n sinmi láti oṣù kọkànlá. Bí ènìyàn bá ṣe oore, tí ó sì ń kùn nínú bí ó ti ń ṣe é, ṣé oore náà ṣì jẹ́ oore?

Ní Sátidé kan, àwa méje nínú ìdàpọ̀ wa gbéra ní Lamingo ní kùtùkùtù, kí a lè gun òkè Shere kí oòrùn tó mú. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa mọ òkè náà. Àràárọ̀ ni à ń rí i ní apá ìlà-oòrùn. Ibi tó ga jù lọ lórí rẹ̀ tó mítà 1,829 sí ojú òkun. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wò ó láti ojú fèrèsé, tí mo ń sọ pé màá dé orí rẹ̀ kí n tó parí ẹ̀kọ́.

A la oko acha kọjá, a gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ọrọ́, a ń kọrin. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, gbogbo wa jọ ń rìn ni. Ìgbà tí àpáta bẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Nígbà tó kù bí wákàtí kan kí a dé òkè, àbúrò wa kan tó wà ní ọdún kìn-ín-ní jókòó. Orúnkún rẹ̀ ti wú, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ sì ti ṣí. Kò lè gòkè mọ́, kò sì yẹ kí ó dá sọ̀kalẹ̀. Olórí wa béèrè ẹni tí yóò dúró tì í. Gbogbo wa wolẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi: "Màá dúró."

Ẹ má tíì yìn mí o. Àwọn márùn-ún yòókù kò tíì lọ jìnnà tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ta ló ní kó wọ irú bàtà yẹn? Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ máa bá wọn lọ, kò séwu." Mo ní, "Rárá, kò sí wàhálà." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ojú mi wà lókè. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni a fi jókòó, bóyá ni mo bá a sọ gbólóhùn mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì alágolo wá sí yàrá mi. Ó ní kí n fi gba òkè tí òun gbà lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí. Mo ti sọ oore di gbèsè sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo rántí bàbá tó bí bàbá mi. Rélùwéè ló gbé e wá sí Jos. Ó wọ̀ ọ́ ní Ọ̀ffà, ó gba Kàdúná àti Kafanchan. Ó máa ń sọ pé nínú rélùwéè, arúgbó àti géńdé jọ ń dé ni. Ní Switzerland, láti ọdún 1912 ni rélùwéè ti ń gbé èrò lọ sí Jungfraujoch lórí òkè Alps, ní ibi tó ga tó mítà 3,454. Ẹni tí orúnkún ń dùn ń débẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le ń débẹ̀, irin kì í sì í kùn. Kò sí irin ní Shere. Níbẹ̀, àfi kí ẹnìkan fi òkè tirẹ̀ sílẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹnìkan rán wa létí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì, pé iṣẹ́ tí kò ní ìfẹ́ nínú kò lérè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ọkàn mi kọ́kọ́ gún, òun nìkan ni ìbá wà lórí àpáta yẹn. Nínú òwe tí Jésù pa nípa ọmọkùnrin méjì, èyí tó kọ́kọ́ kọ̀ ló padà lọ sí ọgbà àjàrà. A kò gbọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Nítorí náà, n kò kábàámọ̀ pé mo dúró. Ohun tó dùn mí ni pé mo jẹ́ kí ó rí iye tí ó ná mi.

Àwọn kan ní bí mo bá bojú jẹ́, àgàbàgebè ni ìbá jẹ́. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ìkùnsínú rẹ̀ mì kí ara lè tu ẹlòmíràn kò purọ́; ó kàn ń ru ẹrù tirẹ̀ ni.

A jọ jẹ búrẹ́dì náà. A óò padà lọ sí òkè Shere ní oṣù kìn-ín-ní, mo sì ní kí ó bá wa lọ. Ó bi mí pé bí orúnkún náà bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Mo ní a óò tún jọ jókòó. Ó wo ojú mi dáadáa kí ó tó rẹ́rìn-ín.