Àpá Ogun Lára Òbí Wa



Ta ni nínú wa ní Ṣómólú àti Bàrígà tí kò mọ Igbóbì, níbi tí a ń gbé ẹni tí egungun rẹ̀ bá ṣẹ́ lọ? Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a ṣe dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ìgbà náà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1942. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ egungun itan rẹ̀ ní ilẹ̀ Bọ́mà. Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó ń pa á mọ́, ó sì ń bọ́ ọ títí di oṣù kejìlá, nígbà tí a gbà á sílẹ̀. Isaac padà wálé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì di baba ọmọ. Ní ọdún 2012 ni ó kú. Títí di ọjọ́ náà ni ó ń tiro. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ojú àpá kì í jọ ojú ara.

Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ja Ogun Abẹ́lé ti ọdún 1967 sí 1970 ṣì wà láàrin wa, àti àwọn tí a rán lọ sí Làìbéríà àti Sàró láti ọdún 1990 wá. Bàbá yín lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kì í ṣe gbogbo àpá ni ojú ń rí. Ariwo ìbọn ńlá a máa ba inú etí jẹ́, ohun tí ó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í hù padà. Nítorí náà, bàbá tí ẹ pè tí kò dáhùn lè má jẹ́ agbéraga rárá. Òmíràn ń ta gìrì nígbà tí àwọn ọmọdé bá yin báńgà ní ọjọ́ Kérésìmesì, tàbí kí ó máa kígbe lóru, tí àwọn ará ilé yóò máa wí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó pa ni ó ń dà á láàmú. Láti ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àìsàn ni èyí. Ó ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá kò jìnnà sí wa, kò sì sí ìtìjú nínú lílọ síbẹ̀. Bí ẹ̀rí ọkàn bá ń gún un, ẹ pe àlùfáà kí ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àlùfáà dípò dókítà.

Òfin kẹrin pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún òbí. Ìwé Sírákì kọ́ wa pé bí ọgbọ́n baba tilẹ̀ ń dínkù, kí ọmọ ní sùúrù fún un. Olúwa wa bá àwọn tí ó ń fi ohun tí ó yẹ òbí wọn ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run wí. Ta ni yóò wá dúpẹ́ ìkórè pẹ̀lú owó ńlá, nígbà tí bàbá rẹ̀ kò rí owó oògùn?

Fífi àwòrán bàbá nínú aṣọ ológun kọ́ sára ògiri dára, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí Jésù jí dìde, kò fi àpá rẹ̀ pamọ́. Ó ní kí Tọ́másì na ọwọ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀yin náà, ẹ na ọwọ́ yín. Ẹ jókòó ní apá ibi tí etí rẹ̀ ti ń gbọ́. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí kò bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ má ṣe fi ipá mú un, ẹ ṣáà jókòó tì í. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu.

Kí Ọlọ́run fún àwọn tí ó ti lọ ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, kí ó sì fi ìwòsàn fún àwọn tí ó kù. Àmín.