Bí A Ti Bí Mi Nìyẹn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ta ni nínú wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò mọ ilé ìbejì kan? Ìṣirò kan jáde ní ọdún 2011: nínú 1000 ìbímọ ní Benin, bí 28 ló jẹ́ ti ìbejì.

Ẹ wo Táyé àti Kẹ́hìndé. Ọ̀kan a máa tètè bínú, èkejì a dákẹ́. Àwọn àgbà á ní: "Bí a ti bí wọn nìyẹn." Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá, ìwà wọn máa ń jọra ju ti ìbejì inú ẹyin méjì lọ. (Ti ẹyin méjì ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa.) Ìwà ń bá ẹ̀jẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀: àwọn onímọ̀ ní kò ju bí ìdajì lọ.

Ohun tí à ń jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ó wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Ó dà bí ìwé: bí a kò bá ṣí i, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Ní Montréal, ní Kánádà, àwọn onímọ̀ ṣọ́ àwọn ìyá eku. Òmíràn ń lá ọmọ rẹ̀ gan-an, òmíràn kì í lá a tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìyá ń lá kì í bẹ̀rù púpọ̀ bó bá dàgbà. Wọ́n wá gbé ọmọ eku kan fún ìyá mìíràn tó ń lá ọmọ. Ọmọ náà fi ìwà jọ ẹni tó tọ́ ọ. Ní ọdún 2004 wọ́n fi hàn pé jíìnì kan tó ń mú kí ara rọlẹ̀ ti ṣí nínú ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Eku kì í ṣe ènìyàn o, èmi náà mọ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń tijú, ẹ má pè é ní òmùgọ̀. Kò yan ìtìjú.

Ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, tó ní, "Bí a ti bí mi nìyẹn"? Ẹ bi í léèrè: nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró lọ́nà, tó sọ̀rọ̀ sí i ṣàkàṣàkà, ṣé ó lu ọlọ́pàá? Rárá. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́" ló wí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló gbé dé ilé.