Ǹjẹ́ Ẹ̀bi Wà Lọ́rùn Ẹni tí Ó Gbé Ìròyìn Kiri?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ti wọ aṣọ tuntun. Bí ènìyàn bá gba ìròyìn kan sórí fóònù rẹ̀, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tí ìròyìn náà sì wá já sí irọ́, ǹjẹ́ ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀? Tàbí ẹni tí ó kọ́kọ́ dá irọ́ náà sílẹ̀ nìkan ni kí á bá wí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti dá ara wọn láre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pé, "Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Wọ́n rò pé gbólóhùn kékeré yìí ti wẹ ọwọ́ wọn mọ́. Àwa rò pé ó yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọdún 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń tà ní 120 owó ẹyọ. Ẹni tí ó bá rà á mọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ ibi tí òun lè gbà lọ bí ó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ní ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ inú ilé ní Èkó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Àpótí rédíò yẹn ni àwọn bàbá wa sọ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà jinlẹ̀ púpọ̀. Wọ́n rí i pé ó ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Àléébù ni èyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kò fiyè sí nígbà náà: ẹni tí ó ń gbọ́ kò lè dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tan ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo ayé. Bí àpótí náà bá ṣì í sọ, ẹ̀bi àwọn tí ó ni ín ni. Bí ẹnìkan bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ní alẹ́, tí ó lọ sọ ọ́ lọ́jà ní òwúrọ̀, àwọn tí ó sọ ọ́ fún mọ ojú rẹ̀, wọ́n sì lè bi í pé, "Ta ni ó sọ fún ọ?"

Lónìí, olúkúlùkù wa ti di àpótí. Ìyá tí ó ń ta ata ní ọjà Bwari lè bá 200 ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kí ó tó kó ṣéńjì fún oníbàárà rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ agbára ìjọba àti ti àwọn olówó ní 1959 ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohun rere ni, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè gba agbára kí á sì kọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó. Jìnnìjìnnì bo gbogbo ilẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹjọ, ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí fò láti orí fóònù dé orí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, kí wọ́n sì mu omi iyọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé àrùn náà kò ní lè mú wọn. Àwọn ènìyàn jí ara wọn lóru nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn 2 ni ó ti kú ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n mu omi iyọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ènìyàn 20 ni Ebola mú ní ilẹ̀ yìí, 8 sì kú nínú wọn. Àwọn tí omi iyọ̀ pa kò sí nínú iye yẹn. Àrùn kò kàn wọ́n rárá. Ọ̀rọ̀ ni ó pa wọ́n.

Ta ni ó pa wọ́n? Ẹni tí ó kọ́kọ́ dá irọ́ náà sílẹ̀ kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí wọn ni ó mọ̀ wọ́n. Bóyá ẹ̀gbọ́n ni, bóyá ọ̀rẹ́ ni, bóyá ìyá ni. Nítorí pé ẹni tí wọ́n fọkàn tán ni ó sọ fún wọn ni wọ́n ṣe gbé ife sí ẹnu.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé, "Ìránṣẹ́ lásán ni mo jẹ́, Yorùbá kì í bá ìránṣẹ́ jà." Òótọ́ ni. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá gbé àrokò láti ọ̀dọ̀ ọba kan lọ sí ọ̀dọ̀ ọba kejì, a kì í ka ọ̀rọ̀ inú àrokò náà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀. A mọ ẹni tí ó rán an. A mọ ẹni tí a rán an sí. Kò sì gbọdọ̀ fi kún un tàbí kí ó yọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí fóònù lónìí ńkọ́? Ta ni ó rán an? Òun ni ó rán ara rẹ̀. Òun ni ó yan àwọn tí yóò gbà á. Ẹni tí ó rán ara rẹ̀ níṣẹ́ kò lè sá sí abẹ́ orúkọ ìránṣẹ́. Òun gan-an ni ó ni iṣẹ́ náà.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é." A gbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ lè mú kí ẹ̀bi fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè jí òkú. Ẹ̀yin òǹtajà, bí a bá fún yín ní owó bébà tuntun, ẹ ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sí ìwé tí ó ń jáde ní ọ́fíìsì yín láìsí ẹni tí ó buwọ́ lù ú. Kí ni ìdí tí a fi ń yẹ náírà wò, tí a sì ń yẹ ìwé wò, ṣùgbọ́n tí a kì í yẹ ọ̀rọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí ọmọnìkejì wò?

A kò sọ pé ẹ̀bi àwọn méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí ó dá irọ́ sílẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ kò ní ẹsẹ̀. Àwa ni a ń yá a ní ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ti wí pé, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwọn tí ó ni WhatsApp pàápàá mọ èyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, wọ́n dín iye ibi tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan kù sí 5. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹyọ 1. Wọn kò lè rí òpùrọ́ mú, nítorí náà wọ́n fa ọwọ́ àwọn agbérọ̀kiri sẹ́yìn. Wọ́n mọ ibi tí agbára irọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn tí ó wà nílé lọ. Àwa àti àwọn Gbagyi tí ó ni ilẹ̀, àwọn Hausa, àwọn Igbo àti àwọn mìíràn ni a jọ ń gbé níhìn-ín. Àwọn tí ó wà ní Bwari ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2017 kò lè gbàgbé bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀, tí iná jó ìsọ̀ nínú ọjà, tí ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. A kò sọ pé fóònù ni ó dá ìjà náà sílẹ̀. Ó ní ìdí tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan pé "wọ́n ti ń bọ̀" tó láti mú kí aládùúgbò gbé àdá sí aládùúgbò. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ṣé kí á wá pa ẹnu mọ́ ni? Rárá o. Orí fóònù kan náà ni àwọn dókítà gbà ní 2014 láti sọ fún wa pé kí á máa fọ ọwọ́, kí á má sì fi aláìsàn pamọ́, títí a fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ẹni tí ó mọ òtítọ́ tí ó lè gba ẹ̀mí là, tí ó sì dákẹ́, òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣé mo sì lè rí i? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò pa lára? Ṣé mo lè fi orúkọ ara mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ìdánwò JAMB, olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní ìlú wa yìí. Kò yẹ kí á jẹ́ kí irọ́ rìn dé Èkó kí ó sì padà wá bá wa níbi tí òtítọ́ ń gbé. Bí ẹ bá sì ti fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ ránṣẹ́, ẹ fi àtúnṣe lé e dé gbogbo ibi tí ó dé.

Àpótí àtijọ́ lè sọ̀rọ̀ láì gba èsì, nítorí pé igi àti wáyà ni. Àwa ènìyàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ọwọ́ wa jáde, tiwa ni, a sì gbọ́dọ̀ lè dúró gba èsì rẹ̀.